Ìkéde Fágbohùn, Ẹni Tó Fi Nọ́ńbà Gbogbo Ìlú Ta Àjèjì Lọ́rẹ

Kọ́ń-kò! Kọ́ń-kò! Kọ́ń!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Ìdí-Agbálùmọ̀, lọ́kùnrin, lóbìnrin! Ẹni tó ń rokà, kí ó fi ọmọrogùn sílẹ̀! Ẹni tó ń fárí, kí ó jókòó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ààbọ̀ orí! Ẹni tó ń jà, kí ó di ọrùn aṣọ ẹnìkejì rẹ̀ mú, kí ó sì fetí sílẹ̀. Bí akéde bá lọ tán, kí wọ́n máa bá ìjà wọn lọ!

Kábíyèsí Alágbálùmọ̀ ti Ìdí-Agbálùmọ̀ ló rán akéde sí yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó ń jẹ òdòdó ààfin. Ọ̀rọ̀ fóònù ni! Ẹ tún un gbọ́: ọ̀rọ̀ fóònù ni!

Bí ẹ bá gbọ́ tí agogo ń dún ségesège lónìí, ẹ má bínú. Ọwọ́ òsì ni akéde fi ń lù ú. Wọ́n ti fi aṣọ funfun di àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó wú bí iṣu. Àṣẹ Kábíyèsí ni, ẹ máa gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí akéde tó bẹ̀rẹ̀, Kábíyèsí ní kí ó rán yín létí òfin iṣẹ́ yìí. Akéde kì í kó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sẹ́nu agogo. Láti ìgbà tí bàbá bàbá Fágbohùn ti ń ké nílùú yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ rí kí akéde máa ké nípa ọmọ ara rẹ̀ tàbí ilé ara rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ òní, ọ̀rọ̀ akéde fúnra rẹ̀ ni! Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é? Àwọn ìjòyè jókòó lé e lórí láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ibi tí wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé kí akéde máa pe Fágbohùn bí ẹni tó ń pe ẹlòmíràn. Kí ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ láìdín kan kù. Kí ó bú u bó ṣe yẹ kí wọ́n bú u. Bí ó bá ṣèèṣì gbè é, bí ó bá fi ẹ̀ẹ̀kan péré mú ara rẹ̀ wọ inú ìkéde yìí, yóò tún ìlú yìí yí ká lẹ́ẹ̀mẹta, láti ojúde ààfin dé Òkè-Àpáta, yóò sì máa ké ìtìjú rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ wò ó! Ẹ wo Fágbohùn! Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó dúró síbí, tó gbé agogo dání bí ẹni tó ní làákàyè. Òun ló kó wàhálà bá yín.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, Fágbohùn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀. Fóònù dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ rí ni. Ó gbé e, ó sì kígbe sínú rẹ̀ bí ẹni tó ń pe ará oko, nítorí bó ṣe mọ ọ̀rọ̀ sọ nìyẹn. Obìnrin kan kí i káàsán. Inú rẹ̀ dùn. Ó dá a lóhùn, ó kí i kú iṣẹ́, ó kí i kú oòrùn, ó béèrè ilé, ó béèrè ọkọ, ó béèrè ọmọ. Obìnrin náà ò dáhùn ìkankan. Ó ṣáà ń bá tirẹ̀ lọ, pé kí oníbàárà òun tẹ ọ̀kan bí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀ létí òkun. Fágbohùn ní irú ọmọ wo lèyí, tí kì í jẹ́ kí àgbà kí òun tán? Ó tún kí i látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀rọ ni! Ẹ̀rọ ni Fágbohùn ń kí! Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ ni odidi akéde ìlú ń bi léèrè pé ṣé àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti ń rìn! Ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò kìlọ̀ fún un. Ẹ̀rín ni ó ń rín, ó fi ìró dí ẹnu.

Fágbohùn wá tẹ ọ̀kan. Ó rò pé bí òun bá ṣe ohun tí obìnrin náà ń fẹ́, ara rẹ̀ á wálẹ̀, á sì dá òun lóhùn bí ọmọlúàbí.

Ẹni gidi ló bọ́ sórí ìlà. Ó ní Ṣèyífúnmi lorúkọ òun. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n sọ! Ó pe Fágbohùn ní Dádì. Ó ní ohùn Dádì mà dùn o, pé orí rédíò ló yẹ kó wà. Háà, Fágbohùn ti parí nìyẹn! Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ké nílùú yìí. Ta ló sọ fún un rí nínú gbogbo yín pé ohùn rẹ̀ dùn? Ohun tí ẹ máa ń sọ fún un ni pé kó rọra, ọmọ ń sùn.

Ṣèyífúnmi wá bẹ Dádì kó fún òun ní nọ́ńbà èèyàn márùn-ún tí wọ́n á fẹ́ gbọ́ nípa ilẹ̀ etí òkun yìí. Márùn-ún kẹ̀? Akéde mà ni! Ìgbà wo ni akéde ń gbé ìròyìn lọ fún ẹni márùn-ún, kí ó wá fi gbogbo ìlú sílẹ̀? Ó rí i bí ojúsàájú. Ó wọlé, ó gbé ìwé ńlá tí Kábíyèsí ní kó kọ nọ́ńbà gbogbo onílé sí, kó lè máa fi pe àwọn tó bá wà lóko nígbà ìpàdé. Ó fi ọ̀sán méjì gbáko kà á fún ọmọ yẹn, láti Ìsàlẹ̀-Odò títí dé Òkè-Àpáta. Kò fo ilé kan. Nígbà tó kan ààfin, orúkọ tó wà nínú ìwé náà ló kà, orúkọ tí ìyá Kábíyèsí sọ Kábíyèsí lọ́jọ́ kẹjọ. Ó ní: Ràímì, ilé ńlá ojú ọjà.

Ohun tí ojú yín rí lẹ́yìn náà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí àwọn oníṣòwò yẹn ò bá pè láti ta ilẹ̀ fún, wọ́n pè é láti ta ìyẹ̀fun eyín, èyí tí wọ́n fi ń fọ ẹnu, fún un. Wọ́n dá Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró lórí fóònù títí búrẹ́dì ààrò mẹ́ta fi jóná. Wọ́n bá Bàbá Tíṣà sọ̀rọ̀ òróró tó ń hu irun, Bàbá Tíṣà tó ti pá kí wọ́n tó la ọ̀nà ọ̀dà wọ̀lú! Wọ́n sì pe Kábíyèsí níbi tí ìgbìmọ̀ ti pé. Etí Kábíyèsí ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn dáadáa mọ́, ó máa ń jẹ́ kí fóònù rẹ̀ sọ̀rọ̀ síta. Gbogbo ìjòyè ló gbọ́ ọ tí ọmọdébìnrin kan sọ pé ẹ káàsán o, Ọ̀gbẹ́ni Ràímì. Ó tó ọdún méjìlélógún tí ẹnikẹ́ni ti pe orúkọ yẹn. Àwọn ìjòyè dọ̀bálẹ̀ wìì, wọ́n dojú bolẹ̀, ẹ má bi akéde bóyá ọ̀wọ̀ ni tàbí ẹ̀rín.

Ìyẹn ló mú àṣẹ àkọ́kọ́ wá, ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ ò tíì gbàgbé. Nọ́ńbà àjèjì tó bá pè, kí ẹ pariwo lẹ́ẹ̀mẹta pé A ò rà á, kí ẹ pa á, kí ẹ sì nu nọ́ńbà náà kúrò kí itọ́ tó gbẹ lẹ́nu. Fágbohùn ló ké e! Ó ké e kíkankíkan! Ó tún fi èpè ti ara rẹ̀ kún un, ó ṣẹ́ ẹ lé ọ̀dàlẹ̀ tó kó nọ́ńbà ìlú fún àjèjì. Ìlú ṣe àmín. Ẹ gbọ́ o, ara rẹ̀ ló ń ṣẹ́ èpè fún! Ó mọ̀! Ó dákẹ́! Ó lọ sílé lọ jẹ iyán!

Ẹ jẹ́ kí agogo sinmi díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí.

Ẹ mọ Fárónkẹ́ ọmọ Fágbohùn. Òun ló máa ń gun igi agbálùmọ̀ ààfin, tí Kábíyèsí á máa ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó ti wọ ilé ọkọ láti ọdún mẹ́sàn-án, apá Lọ́kọ́ja lọ́hùn-ún. Ọdún mẹ́sàn-án, kò gbọ́ ohùn ọmọ. Lọ́dún yìí, ó lóyún. Akéde ò ké e, oyún kì í ṣe ohun tí à ń lu agogo sí, ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ rí bí Ìyá Fárónkẹ́ ṣe ń rìn gbẹ̀fẹ́ lọ́jà. Ìgbà tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, Fárónkẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, pé àwọn dókítà lè gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi ju ti ọ̀dọ̀ àwọn lọ, òun ò tíì mọ èyí tó jẹ́. Ó ní bí òun bá débẹ̀, òun á pè, kí Ìyá lè mọ ibi tí wọ́n á máa bọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń gégẹdú nínú igbó tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìyá ti di báàgì. Ọṣẹ dúdú wà nínú rẹ̀, àdí wà nínú rẹ̀, kànrìnkàn tuntun wà nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń lọ nìkan ni wọ́n ń dúró gbọ́.

Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, Fágbohùn ń jẹ ẹ̀bà. Fóònù dún. Nọ́ńbà àjèjì ni! Inú rẹ̀ dùn dé góńgó, ó rí ẹni tí yóò fi òfin hàn. Ó gbé e, kò jẹ́ kí ẹni náà mí. Ó ní A ò rà á! A ò rà á! A ò rà á! Ó fi ohùn iṣẹ́ sọ ọ́, adìyẹ sá kúrò ní àgbàlá. Ó ka òfin, ó ka ìjìyà. Ó pa á. Ó nu nọ́ńbà náà dànù. Ó lá ọwọ́, ó sì kí ara rẹ̀ kú iṣẹ́.

Ìgbà tó nawọ́ sí ẹran ló tó wá rántí. Láàárín ariwo tirẹ̀, ohùn kan ti pe Bàbá Alágogo. Kò sí oníṣòwò ayé tó mọ orúkọ yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe Fágbohùn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ẹran bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, wọ́n pe nọ́ńbà Fárónkẹ́ títí, obìnrin inú ẹ̀rọ ló ń dáhùn pé ẹni tí wọ́n ń pè kò sí lórí ìlà. Fágbohùn ti bẹ obìnrin yẹn náà. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, lọ́tẹ̀ yìí ó mọ̀, ó ṣì bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun wá a. Ìyá Fárónkẹ́ ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ó máa ń gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, á sì padà lọ jókòó ti báàgì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹ̀rù ń ba Fágbohùn náà. Akéde ò ní fi bò, ẹ̀rù ń bà á gan-an ni.

Ló bá gba ààfin lọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ìwé, Ṣèyífúnmi, Ràímì, èpè, A ò rà á. Kábíyèsí ní kí wọ́n di àtàǹpàkò tó fi tẹ ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé ọmọ tó ń ká agbálùmọ̀ òun yẹn, ibo ló wà báyìí?

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o! Àṣẹ tuntun rè é!

Kìíní! Àṣẹ àkọ́kọ́ ti kú, ẹ sin ín! Fún ọjọ́ méje gbáko, fóònù tó bá dún, ẹ gbé e! Ẹ gbé e lóko! Ẹ gbé e nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti nídìí omi àlùwàlá! Ẹ gbé e ní balùwẹ̀, ọṣẹ ìbáà wà lójú! Ó jọ pé fóònù Fárónkẹ́ ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, nọ́ńbà tó bá rántí ni yóò tẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti lé e bí ẹni lé ajá. A ò mọ ti ta ni yóò tún rántí.

Ìkejì! Bí ó bá jẹ́ oníṣòwò, ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹ má já lù ú, ẹ má bú u. Bí ó bá parí, ẹ bi í bóyá ó gbúròó Fárónkẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ, ẹ bi í bẹ́ẹ̀ náà. Fágbohùn ti ṣe é, kì í pani, ó kàn ń tini lójú ni.

Ìkẹta! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ ọ̀kan! Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ èjì! Ẹni tó bá tẹ nǹkan, wọ́n á di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, yóò sì máa fi ọwọ́ òsì jẹun níwájú àna rẹ̀!

Ìkẹrin! Ẹni tó bá pa ìpè láìgbọ́ ọ tán, Kábíyèsí yóò bá a ra ilẹ̀ etí òkun yẹn, yóò sì kó lọ máa gbé ibẹ̀, tòun ti ewúrẹ́ rẹ̀. A ti wádìí. Tí òjò bá dé, omi òkun máa ń dé ìbàdí níbẹ̀.

Ìkarùn-ún, ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀, kó tàn án, kí ará ilé àti ará ìta ti fóònù bọ̀ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìkẹfà. Ẹ má ṣẹ́ èpè fún Ṣèyífúnmi. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe, ó sì ní ìyá nílé. Ẹni tí ẹ máa bú ló dúró síwájú yín yìí. Àmọ́ ẹ dúró kó jẹun ọ̀sán tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìkeje! Ẹni tó sọ ajá rẹ̀ ní Ràímì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Kábíyèsí ti gbọ́. Kó pààrọ̀ orúkọ ajá náà lónìí, kó sì ṣàlàyé fún ajá.

Ìkẹjọ! Gbogbo ẹni tó bá…

Ẹ dákẹ́! Ẹ dákẹ́ ná! Kí ló ń dún? Fóònù Fágbohùn ni! Nọ́ńbà àjèjì ni! Agogo wà lọ́wọ́ kan, aṣọ wà lọ́wọ́ kejì, imú ló fi tẹ̀ ẹ́. Ó ti gbé e! Ó ń kí i káàsán. Ó… Háà.

Ilẹ̀ etí òkun ni. Ẹ̀rọ ni.

Ẹ dúró, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ lọ, òfin ni. Ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ tán. Ó ní ilẹ̀ náà tẹ́jú. Ó ní atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀. Ó ní kí oníbàárà òun tẹ ọ̀kan. Fágbohùn ò tẹ̀ ẹ́. Ó ń bi í bóyá ó gbúròó Fárónkẹ́. Ẹ̀rọ ti pa á. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín, wọn ò fòfin dè é.

Ta ló ń sáré bọ̀ yẹn? Ẹ yà fún un! Ìyá Oníbúrẹ́dì ni, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá, fóònù wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀! Nọ́ńbà rẹ̀ ló wà gàgàrà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà tí Fárónkẹ́ ti ń kọ́ ìwé kíkà lára rẹ̀! Ó ní òun gbé e nítorí òfin. Ó ní òun rò pé ìyẹ̀fun eyín ni. Ìyá Fárónkẹ́, tó gbé báàgì rẹ̀ wá jókòó síbí, ti dìde. Wọ́n ti jẹ́ kí fóònù sọ̀rọ̀ síta, ẹ fetí sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Ọmọ ló ń ké. Ọmọ tuntun.

Fárónkẹ́ wà láàyè! Ó ní obìnrin ni! Ó ní wọ́n gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́yìn afárá, fóònù òun bọ́ sómi lọ́nà, fóònù nọ́ọ̀sì lòun fi pè níjọ́ kìíní, òní ni òun tún tó rí fóònù yá. Ó ní òun pe bàbá òun pé òun ti bímọ, bàbá òun sì dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta pé a ò rà á! Ó ní òun rẹ́rìn-ín títí ẹ̀jẹ̀ fi fẹ́ tún máa dà. Ó ní ọmọ náà ò yé pariwo láti ìgbà tó ti dé, àwọn nọ́ọ̀sì ń béèrè ilé tó ti wá.

Ilé mi ni! Ilé mi ló ti wá! Ọmọ mi bímọ o! Fárónkẹ́ ọmọ mi bímọ!

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ìjòyè, mo ti sọ ọ́, mo gbọ́ ara mi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta yí ìlú ká, mo gbà, màá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà tí mo bá dé. Ìyá rẹ̀ ti gbé báàgì sórí, ó ti ń lọ sí gáréèjì, kò bojú wẹ̀yìn wò mí. Ìsọmọlórúkọ ku ọjọ́ márùn-ún.

Ohun tí ààfin rán akéde, akéde ti jẹ́ ẹ. Ẹni tó gbọ́, kó lọ sọ fún ẹni tó sùn. Ẹ gba agogo yìí lọ́wọ́ mi. Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú àtàǹpàkò mi. Mo fẹ́ lọ gbé ọmọ.